Súùtù Nínú Ooru, Jíìnsì Lórí Pẹpẹ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnì kan ń lọ ní Àgbárá láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Èyí tí kò wọ bàtà rárá, tó ká sùtánà funfun sókè dé orúnkún lórí ọ̀kadà, ọmọ Sẹ̀lẹ́ nìyẹn, ẹ yà fún un. Èyí tí bàtà dúdú rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi lè rí eyín yín nínú rẹ̀, tó so táì mọ́rùn láti aago mẹ́fà àárọ̀, Kénáánì Láǹdì ní Ọ̀tà ló ń lọ, kò sì fẹ́ kí bọ́ọ̀sì fi òun sílẹ̀. Arábìnrin tí kò fi yẹtí, tí kò kun ètè, tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń bá ìjọba ìbílẹ̀ gbálẹ̀ títì lọ́fẹ̀ẹ́, Dípà Láìfù ni. Èyí tó wá wọ kánfáàsì funfun, tí sòkòtò jíìnsì rẹ̀ ya lórúnkún méjèèjì, tí ẹ rò pé ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, tí ẹ ti ń múra àtisọ pé pẹ̀lẹ́ o, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Pásítọ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí lẹ́jọ́. Ní agbègbè tiwa yìí, láti Kétu wá sí Ìlaròó títí dé Ọ̀tà, ẹ̀fẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án, ó sì láṣẹ láti fi ẹnikẹ́ni nílùú ṣe yẹ̀yẹ́, ìbáà jẹ́ ìjòyè, ìbáà jẹ́ àlejò. Àjọ UNESCO pàápàá fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sára àwọn ìṣúra ayé ní 2001. Bí ayé bá ti fọwọ́ sí i, ta ni Ọ̀gá Ọ́ṣà, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò sọ pé òun ò gbà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ aláṣọ funfun. Káfíńtà ni Samuel Biléwu Oshoffa ní Àjàṣẹ́ kí ó tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí a ń pè ní Sẹ̀lẹ́, sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1947. Àwọn apẹja Ẹ̀gùn ló gbé e kọjá omi wá sí Mákòko ní Èkó, láti ibẹ̀ ló sì ti gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan. Òfin wọn ò lọ́jú pọ̀: bí sùtánà bá ti wọ ọrùn, bàtà gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. Aṣọ pupa àti dúdú, ẹ má wọ̀ ọ́, àfi bí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe bá fi dandan lé e. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé nígbà tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀, kò sí ẹni tó fi ọ̀nà Lúsadà nígbà òjò han Bàbá Oshoffa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Àgbárá lọ sí Lúsadà lọ sí Àtàn, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Tírélà tó ń kẹ́rù jáde láti àwọn iléeṣẹ́ ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀ tí ewúrẹ́ lè rì sí. Nígbà ẹ̀rùn, eruku pupa. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ pupa. Arábìnrin á kúrò nílé pẹ̀lú sùtánà funfun báláú, yóò sì dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwọ̀ tí òfin ìjọ ti sọ pé kò gbọdọ̀ wọ̀. Ní 2023, Unilever, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Àgbárá, kéde pé òun ń jáwọ́ nínú iṣẹ́ ọṣẹ Omo, Sunlight àti Lux ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní náírà tó já wálẹ̀ ló fà á. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé kò sí ọṣẹ tó bá sùtánà ọ̀nà Lúsadà jà fún ogún ọdún tí kò ní í rẹ̀ ẹ́.

Síbẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún Sẹ̀lẹ́ níbì kan. Èrò wọn ni pé bí gbogbo wa bá wọ funfun, tí gbogbo wa fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀, máníjà àti awakọ̀ rẹ̀ á di ọgbọọgba. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n olówó ò gbà. Ẹ wo àmùrè, ẹ wo àwọ̀ tí oyè kọ̀ọ̀kan ń so mọ́ra, ẹ wo sùtánà tí wọ́n fi aṣọ olówó ńlá rán, tí iye owó rẹ̀ lè gbé agbádá ọkọ ìyàwó mì. Ènìyàn á wá ọ̀nà fi han aládùúgbò pé òun jù ú lọ, kódà nínú aṣọ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ju ẹnìkejì lọ.

Ìjà tó wà nílẹ̀ báyìí gan-an kì í ṣe ti sùtánà. Ti súùtù àti jíìnsì ni, Àgbárá sì ni ibi tó yẹ kí ènìyàn ti wò ó, nítorí pé ìlú iṣẹ́ ni. Láti ìgbà tí Olóyè Adéyẹmí Lawson ti bẹ̀rẹ̀ ẹ́sítéètì Àgbárá ní àwọn ọdún 1970, Nestlé, Unilever, Beta Glass àti ọ̀pọ̀ mìíràn ti pàgọ́ síbẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oúnjẹ. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ofáróòlù ni. Àwọ̀n lórí, ìbomú lẹ́nu, bàtà onírin lẹ́sẹ̀. Òrùka kò gbọdọ̀ sí lọ́wọ́, yẹtí kò gbọdọ̀ sí létí, ẹ kò gbọdọ̀ kun èékánná, kí ohunkóhun má baà já bọ́ sínú oúnjẹ. Bí Pásítọ̀ Kumuyi, olórí Dípà Láìfù, bá ṣèèṣì wọ ibẹ̀, yóò rò pé ẹ̀ka ìjọ òun kan tí wọn ò tíì ròyìn fún òun ni.

Ọkùnrin yìí, bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, kí ni yóò wọ̀? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ọ̀sẹ̀ ti lọ pátá, orúkọ iléeṣẹ́ ló wà láyà rẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é. Súùtù ni yóò wọ̀, onípele mẹ́ta! Yóò so táì, yóò ki aṣọ ìnujú sápò àyà, bí ilẹ̀ bá sì gbà á láàyè yóò gbé báàgì ọ̀fíìsì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju Bíbélì àti gúgúrú àwọn ọmọ lọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, òun ni ọ̀gá.

Ẹ rékọjá sí apá kejì ẹ́sítéètì, níbi tí ilé ti ní géètì tí ajá ti ń jẹ ẹran ju èmi lọ. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀, báńkà tàbí ọ̀gá iléeṣẹ́, táì ti fún un lọ́rùn fún odidi ọjọ́ márùn-ún. Ó so ó nínú gosiloo Mile 2, ó so ó nínú ìpàdé, ó so ó níbi tí wọ́n ti ń bá a wí nítorí iye owó tí kò rí mú wálé. Bí ẹ bá ní kí ó tún so ó lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò bi yín bóyá Ọlọ́run náà ti di ọ̀gá ẹ̀ka ni. Jíìnsì ni yóò wọ̀, àti tí-ṣáàtì.

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tí kálukú ń wo èkejì pé kò bẹ̀rù Ọlọ́run tó. Onísúùtù ní onítí-ṣáàtì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ilé Ọlọ́run. Onítí-ṣáàtì ní onísúùtù ń ṣe ẹ̀sìn ìta, pé ọkàn ni Ọlọ́run ń wò. Wọ́n á ṣí Bíbélì síra wọn láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Irọ́ ni o! Kò sí èyí tó ń bá Ọlọ́run jà nínú wọn. Ọ̀gá ọjọ́ Ajé ni àwọn méjèèjì ń sá fún.

Onísúùtù, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Ṣé o rí súùtù tó o rà ní bọ́sìkọ́nà yẹn? Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, fún ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú yìnyín ní Manchester. Ìwọ wọ̀ ọ́ sábẹ́ páànù gbígbóná, iná ò sí, fáànù ń wò ọ́ láìmira. Òógùn ń ṣàn látorí dé gìgísẹ̀. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn rẹ rò pé ẹ̀mí ló bà lé ọ, wọ́n sì ti ń bá ọ kígbe Halelúyà. Jọ̀ọ́, já lébẹ́ẹ̀lì tó wà lápá aṣọ yẹn kúrò. A ti rí i. A ti kà á. A mọ̀ pé ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá.

Ìwọ onítí-ṣáàtì, má rẹ́rìn-ín, ó kàn ọ́. Ìjọ yín gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ẹ pa gbogbo iná, ẹ wá tan àwọ̀ aró àti àwọ̀ àlùkò. Ẹ̀rọ tó ń tu èéfín ń tu èéfín, ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ mú wá láti Ìgbẹsà ti dìde, ó ń wá ẹnu ọ̀nà, ó ní jẹnẹrétọ̀ ti gbiná. Pásítọ̀ jókòó lórí àga gíga, kò sí púpítì, tábìlì kékeré onígíláàsì kan ló wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi. Ó ń pe ìjọ ní "ẹ̀yin ènìyàn mi". Sòkòtò rẹ̀ ya, a sì gbọ́ pé bó ṣe ń ya sí i ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i.

Sòkòtò yẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní 1873, Levi Strauss àti télọ̀ kan tó ń jẹ́ Jacob Davis gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí sòkòtò tí wọ́n fi irin kéékèèké kan àpò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn awakùsà àti lébìrà ni wọ́n ṣe é fún, kí aṣọ iṣẹ́ wọn má baà tètè ya. Ẹ gbọ́ o: kí ó má baà ya! Nǹkan bí àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà, pásítọ̀ Àgbárá san owó gọbọi láti rà á ní yíya. Ofáróòlù lébìrà Amẹ́ríkà ló wọ̀ gun orí pẹpẹ, ó sì ń fi í wàásù ìṣẹ́gun.

Nígbà tí ofáróòlù lébìrà Àgbárá bá dé ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ òru wà ní ẹ́sítéètì, aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀. Ẹni tó bá ṣíwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí ó bá ní kí òun kọ́kọ́ délé ní Àtàn kí òun pààrọ̀ aṣọ, ìsìn yóò ti parí, oorun yóò sì ti gbé e. Nítorí náà ó gba géètì jáde, ó fẹsẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Ọ̀gá Ọ́ṣà lọ pàdé rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín:

"Bùrọ̀dá, ẹ kú àárọ̀ o, sà. Ṣé ẹ ò ráyè délé ni?"

"Àǹtí, ojú iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Iṣẹ́ òru ni."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọlọ́run á fún yín lókun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó lẹ́yìn ọ̀wọ́n yẹn, níbi tí kámẹ́rà ò ti ní í rí yín."

Kámẹ́rà! Nítorí pé ìsìn ń lọ ní tààrà lórí Facebook, Ọlọ́run lè rí i, kámẹ́rà ni kò gbọdọ̀ rí i. Níwájú, ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wọ sòkòtò tó ya látìdí dé orúnkún, kámẹ́rà sì ń sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń mi orí, tí ẹ ń sọ pé ayé ti bàjẹ́, ẹ̀yin náà ẹ kálọ. Ojú ọ̀nà wa yìí náà ló lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman ti wàásù lábẹ́ igi Agia ní 1842. Kóòtù dúdú tó nípọn ni òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wá sínú ooru etíkun. Ibà ń pa wọ́n, wọn ò tú bọ́tìnnì ọrùn. Àwọn bàbá ńlá wa rí i, wọ́n ní bóyá kóòtù náà wà nínú májẹ̀mú, wọ́n sì wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, aṣọ bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wọ̀ fún un, òun náà ló sì wà lọ́rùn rẹ̀ nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tí a ń rí títí dòní. Ọ̀làjú àti súùtù di ìbejì.

Ìgbà náà ni Mọjọlá Agbébí dé. David Brown Vincent ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, oníwàásù Onítẹ̀bọmi ni. Ní 1894 ó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó sì bọ́ aṣọ òyìnbó náà, ó ní aṣọ ilẹ̀ baba òun ni òun yóò máa fi wàásù. Kò wọ kóòtù mọ́, kódà nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní 1903 sí 1904. Ẹ fojú inú wo àwọn ọ̀làjú Èkó onífìlà gogoro nígbà yẹn. Agbádá? Nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Aṣọ tí àwọn abọ̀rìṣà ń wọ̀?

Bàbá Àlàgbà, ẹ ṣé tí ẹ gbọ́. Agbádá tí ẹ ká sí èjìká tí ẹ fi ń lé ọmọ onítí-ṣáàtì kiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, òun gan-an ni tí-ṣáàtì ọdún 1894.

Àwọn Rìdíìmù ló mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà. Nígbà ayé Bàbá Josiah Akíndayọ̀mí, ẹni tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní 1952, obìnrin tó bá fi yẹtí tàbí wọ sòkòtò mọ ohun tó ń wá. Pásítọ̀ Adébóyè gba ipò olórí ní 1981, nígbà tó sì di nǹkan bíi 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́fíìsì, níbi tí yẹtí kì í ti í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Wọn ò pa ẹ̀ka àtijọ́ rẹ́. Ìjọ kan, òfin méjì. Arábìnrin kan náà lè fi yẹtí ní ẹ̀ka yìí láàárọ̀, kí ó sì rọra tú u sínú pọ́ọ̀sì kí ó tó wọ ẹ̀ka kejì fún ìṣọ́ òru. Ibi tí kọ̀rọ́pẹ̀ bá já a sí ló kù.

Ní ti Kénáánì Láǹdì, tí gbọ̀ngàn ìjọsìn wọn tó gba 50,000 ènìyàn ṣí ní 1999, súùtù ni ọba níbẹ̀, funfun sì ni adé, ẹ bi Bíṣọ́ọ̀bù Oyèdépò, olórí wọn. Covenant University, tó wà nínú ọgbà kan náà láti 2002, ní òfin ìmúra tirẹ̀: ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì jáde ti ń so táì lọ sí kíláàsì. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ọ̀dọ̀ onítí-ṣáàtì ni ẹ ó ti bá ọ̀pọ̀ wọn.

Ohun kan wà tí kò pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka òfin aṣọ ìjọ kan, ìjọ tó wù yín, ẹ ó rí i pé orí obìnrin ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ dá lé. Àwọn ọ́ṣà ní báàgì ṣíkáàfù lẹ́nu ọ̀nà, fún ọmọbìnrin tó bá gbàgbé láti borí. Ṣíkáàfù yẹn ti bo gbogbo orí tó wà ní agbègbè yìí láì fojú kan omi. Ẹni tó bá wé e tán, òórùn rẹ̀ nìkan tó ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ há débi pé bọ́tìnnì ikùn ń sunkún, ta ló ní ṣíkáàfù fún un? Màmá Ìyá Ìjọ náà wà lórí ìlà kejì pẹ̀lú gèlè tó kan òrùlé. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn kò tíì rí pásítọ̀ láti Ọdún Àjíǹde. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Kò sí ọ́ṣà tó lè sọ pé "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀", nítorí pé Màmá ló ra àga tí wọ́n jókòó lé, orúkọ wọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Oṣù Ọ̀wàrà ń bọ̀ pẹ̀lú ìkórè, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń mú aṣọ, télọ̀ Lúsadà sì ti ń ṣèlérí. A ó máa rí i.

Ṣùgbọ́n kí ìkórè tó dé, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Iléeṣẹ́ Unilever nìkan kọ́ ló yí ìwé dà. GlaxoSmithKline, tó ní iléeṣẹ́ ní Àgbárá níbí nígbà kan, kéde ní 2023 kan náà pé òun ń kógbá wọlé kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ofáróòlù ló ti kọ́ sórí ìṣó nínú ilé láti ìgbà náà, tí ẹni tó ni í ń jókòó wò ó, tó sì ti ní súùtù tó lè wọ̀ lójoojúmọ́ bó bá wù ú, nítorí kò síbi tó ń lọ. Nítorí náà, Ọ̀gá Ọ́ṣà, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Bí bùrọ̀dá oníṣẹ́ òru bá wọlé lọ́jọ́ ìkórè pẹ̀lú ofáróòlù lọ́rùn, ẹ má gbé e sẹ́yìn ọ̀wọ́n. Ẹ mú un wá síwájú, ẹ yí kámẹ́rà sí i, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lórí Facebook rí ẹni tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì sùn láàárín ìwàásù, ẹ má jí i. Ó jí láti àná. Pásítọ̀ ni kí ẹ sọ fún pé kí ó dín ariwo kù.